Sójà Tó Ti Òkè Òkun Dé, Àlejò Ni ní Bárékè Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ àwọn sójà Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá àwọn tó ti sìn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta ní Jámánì tàbí ní Kòríà, tí ìwé wá jáde pé kí wọ́n padà sí bárékè kan nínú Amẹ́ríkà gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, ìyẹn Pẹ́ńtágọ̀nù, dá ètò MAVNI sílẹ̀ lópin ọdún 2008, láti fi gba àwọn àlejò tí kò tíì ní káàdì ìgbélùú sínú iṣẹ́ ológun nítorí èdè tí wọ́n gbọ́ tàbí iṣẹ́ ìṣègùn tí wọ́n mọ̀, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n dá ètò náà dúró ní 2016, ṣùgbọ́n àwọn tó bá a wọlé kò ṣàì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ wa mìíràn tó ní káàdì ìgbélùú sì ń wọṣẹ́ náà títí di òní. Bí ìyá kan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bá gbọ́ lórí fóònù pé ọmọ òun ti kúrò ní Kòríà, ó ti padà dé Texas, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ó ti parí. Èmi ń sọ pé ìṣòro kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni. Ìpadàbọ̀ yìí jẹ́ ìrìn-àjò sí ibi tí ènìyàn kò mọ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀gá ológun àti àwa ẹbí fún un ní àkókò, owó àti afinimọ̀nà tó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ. Bí ọkàn sójà náà bá dàrú nínú oṣù àkọ́kọ́, ètò tí wọ́n ṣe fún un ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó dá a lẹ́bi pé kò lágbára.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, òwe yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ilé ló padà sí, kí ló tún kù? Kí a tó fi òwe náà pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ẹ jẹ́ ká wo irú ibi tó ti ń bọ̀. Bárékè Amẹ́ríkà tó wà lókè òkun, odindi ìlú ni. Ní agbègbè Kaiserslautern ní Jámánì, àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, sójà àti ìdílé wọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tó nǹkan bí 50,000. Kò sí ibòmíràn lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà tí wọ́n ti pọ̀ jọ tó bẹ́ẹ̀. Ní Kòríà, Camp Humphreys tó wà ní Pyeongtaek, ní gúúsù Seoul, ló fẹ̀ jù nínú gbogbo bárékè wọn lókè òkun. Ibẹ̀ ni olú-iṣẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹjọ kó lọ ní 2017. Nínú irú ibi bẹ́ẹ̀, Pẹ́ńtágọ̀nù fúnra rẹ̀ ló ń darí ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níbẹ̀, ilé ìjọsìn wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní commissary náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú odi kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọkọ̀, bó bá sì fẹ́ jáde, ọkọ̀ ojú irin á gbé e lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lè sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí náà wọ́n di ẹbí ara wọn. Bí ìyàwó sójà kan bá bímọ, àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá. Bí ọdún bá dé, tábìlì kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Ènìyàn ibẹ̀ kò dára ju ti ibòmíràn lọ. Bí wọ́n ṣe kó wọn pọ̀ sójú kan láàrin àwọn tí wọn kò gbọ́ èdè wọn ló mú kí wọ́n máa wo ara wọn lójú.

Ẹ wá mú ẹni yìí, kí ẹ gbé e lọ sí Fort Hood ní Texas. Ilẹ̀ bárékè náà ju 200,000 éékà lọ. Ìlú Killeen ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Copperas Cove àti Harker Heights kò sì jìnnà, gbogbo ìlú wọ̀nyí ni àwọn sójà fọ́n ká sí láti gbé. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ níbẹ̀ wà nínú ìyà. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fèrè ológun á dún, gbogbo ẹni tó wà níta á dúró, á kọjú sí ibi tí àsíá wà títí wọn á fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di àárọ̀ ọ̀la. Fèrè kan náà ni wọ́n ń fun ní Jámánì, aṣọ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, orúkọ oyè kan náà ni wọ́n ń pe ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù kan náà ló wà nínú odi. Ìjọra yìí ló ń tan ènìyàn jẹ. Ojú rí ohun tó mọ̀, ọkàn sì gbà pé òun ti dé ibi tí òun mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo okùn tó so òun mọ́ àwọn ará ibẹ̀ ti já. Ilé-ìwé tó wà nínú Fort Hood pàápàá, àjọ ilé-ìwé ìlú Killeen ló ń darí wọn. Ìwé ẹ̀kọ́ wọn, ètò kíláàsì wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ọmọ ní máàkì yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé Pẹ́ńtágọ̀nù tí ọmọ náà ti kúrò. Nínú ìdánwò ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkẹjọ ní 2022 àti 2024, àwọn ilé-ìwé Pẹ́ńtágọ̀nù ló gba ipò kìíní nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, wọ́n ta gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà yọ. Ọmọ tó kúrò nínú irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ pàdánù ohun gidi, kò sì sí ẹni tó máa bá a kẹ́dùn, nítorí ilé ni wọ́n sọ pé ó dé.

Owó ni ibi tí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi ti fara hàn jù, torí ibi tí ìjọba bá náwó sí ni a fi ń mọ ohun tí ìjọba kà sí ìṣòro. Bí ìdílé sójà kan bá gúnlẹ̀ sí Jámánì tí wọn kò tíì rí ilé, òfin gbà kí ìjọba gbé owó hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ wọn fún ọjọ́ tó lè tó 60. Bí ìdílé yìí kan náà bá padà sí Amẹ́ríkà, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni òfin fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù Kẹwàá 2022 ni wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 14, àyàfi ní àwọn agbègbè tí ìjọba bá kéde pé ilé ti ṣọ̀wọ́n. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ yìí, ẹrù wọn ṣì wà lórí òkun: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, abọ́, aṣọ òtútù àwọn ọmọ. Lókè òkun, iye tó wà nínú ìwé àdéhùn ilé ni ìjọba ń san bí kò bá ti kọjá ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀, wọ́n sì ń fi owó iná àti omi kún un. Ní Amẹ́ríkà, iye kan ni wọ́n ń fún sójà gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀ àti agbègbè tó wà, láti 2019 sì ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ kí ó lè kájú ìdá 95 péré nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé. Mo gbà pé ẹni tó bá rí ilé tó pọ́ọ́kú lè fi èyí tó ṣẹ́kù sápò, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí ilé tó pọ́ọ́kú láàrin ọjọ́ díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni? Àjẹmọ́nú tí wọ́n ń fún un lókè òkun nítorí ọ̀wọ́n ọjà náà á dáwọ́ dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ dọ́là mẹ́wàá sí lára ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Killeen á di dọ́là mẹ́wàá àti sẹ́ǹtì 83 nígbà tó bá dé orí káńtà, torí pé owó orí ìpínlẹ̀ àti ti ìlú kò sí nínú iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Jámánì, iye tí ènìyàn rí lára ọjà ni yóò san. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìpokà tó rà níbẹ̀ kò ní wúlò fún un mọ́, torí iná ibẹ̀ jẹ́ 230 fólítì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bó bá ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú pópó Jámánì, àfi kó tà á, nítorí òfin Amẹ́ríkà kì í sábà gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé àyàfi bó bá ti lé ní ọdún 25. Mo ka àwọn nǹkan wéwèèwé yìí sílẹ̀ torí pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wọlé tọ sójà, ní oṣù tí owó rẹ̀ dín kù.

Ẹnìkan lè sọ pé ó tọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n fún ẹni tó ń lọ pọ̀ ju ti ẹni tó ń bọ̀ lọ, torí gbígba ilé ní èdè Jámánì le ju gbígba ilé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì ní jà sí i. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí ju ti èdè lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni èrò pé ẹni tó ń bọ̀ wálé mọ ibi tó ń lọ. Alfred Schütz, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá tó ti Austria sá wá sí New York nígbà ayé Hitler, ti yẹ èrò yìí wò nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní 1945, nígbà tí àwọn sójà ogun àgbáyé kejì ń múra àtipadà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn Odysseus ará Gíríìsì àtijọ́, tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí erékùṣù rẹ̀ lójú oorun, tó jí, tí kò sì dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ̀. Àlàyé Schütz ni pé àlejò mọ̀ pé òun kò mọ nǹkan, nítorí náà á máa béèrè, á máa ṣọ́ra. Ẹni tó ń padà sílé gbà pé kò sí ohun tí òun máa béèrè. Ilé tó fi sílẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà nílé ń retí ẹni tó lọ. Ilé ti yí padà, òun náà ti yí padà, kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Sverre Lysgaard ṣàyẹ̀wò àwọn ará Norway tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó sọ pé inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe dé, ó ń bàjẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì tún ń yọ̀ padà. Ní 1963, John àti Jeanne Gullahorn fi kún un pé ìrẹ̀wẹ̀sì kejì ń dúró de ènìyàn nígbà tó bá padà sílé. Àwọn olùwádìí mìíràn ti tako ìlà yìí lẹ́yìn wọn, wọ́n ní gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń tẹ̀ lé e, pé ti ẹlòmíràn a máa le láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo gba àtakò náà. Bó jẹ́ oṣù kejì tàbí ọjọ́ kejì ni ìnira náà dé, a ti rí i pé ìpadàbọ̀ ní ìnira tirẹ̀.

Ogun Vietnam ni ẹ̀rí tó le jù nínú ìtàn ológun Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ja ogun àgbáyé kejì fi ọkọ̀ ojú omi padà, wọ́n sì wà lórí òkun fún ọjọ́ púpọ̀ láàrin àwọn tí wọ́n jọ rí nǹkan kan náà. Nígbà Vietnam, òfin ni pé sójà kọ̀ọ̀kan á lo oṣù 12, ọjọ́ tirẹ̀ á pé, òun nìkan á wọ bàálù, ikọ̀ rẹ̀ á sì kù sẹ́yìn. Láàrin ọjọ́ méjì, ẹni tó wà nínú igbó ti wà ní California. Ẹni tí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì parí, bárékè kan nínú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé e lọ láti lọ máa dán bàtà, kí ó máa tò fún àyẹ̀wò aṣọ, láàrin àwọn tí kò mọ ibi tó ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé mò ń fi ìgbé ayé àlàáfíà ní Jámánì wé ogun. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ti Vietnam rí kò ní àfiwé. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí wọ́n ṣe dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ètò yẹn kò tíì kú: sójà tó ń kúrò ní Vilseck tàbí Wiesbaden ní Jámánì lónìí, òun àti ìdílé rẹ̀ nìkan ni ìwé rẹ̀ jáde fún. Àwọn ikọ̀ kan wà tó ń lọ sí Kòríà lódindi fún oṣù mẹ́sàn-án, tí wọ́n sì ń padà lódindi, ìyẹn sàn. Ẹni tó ń dá padà ni mò ń bá kẹ́dùn.

Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Láti 1965 ni wọ́n ti dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní bárékè, Army Community Service, tó ń yá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìkòkò, abọ́ àti àga títí ẹrù wọn á fi dé. Òfin wọn tún ní kí wọ́n yan agbàlejò kan fún sójà tó ń bọ̀, ìyẹn ẹni tí yóò ti máa bá a sọ̀rọ̀ kó tó gbéra, òfin náà sì kan bárékè inú Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ètò tó dára ni. Àléébù rẹ̀ ni pé lókè òkun, ipò tí ènìyàn bá ara rẹ̀ ló ń mú kí ètò náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó dé Jámánì kò lè wa ọkọ̀ láìkọ́ òfin ojú pópó ibẹ̀ kó sì yege ìdánwò, nítorí náà wọ́n á mú un jókòó, wọ́n á kọ́ ọ. Kò mọ ọ̀nà jáde ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí náà agbàlejò rẹ̀ á wá mú un. Ní Texas, ó ní fóònù, ó ní máàpù, ó gbọ́ èdè, kò sì sí ìdánwò kankan tó ń dúró dè é, nítorí náà agbàlejò rẹ̀ á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pé bó bá nílò ohunkóhun kó pè. Ẹni tí kò mọ ohun tí òun kò mọ̀ kì í pè.

Àwọn kan á sì ní sójà ni wọ́n, wọ́n ti le, àwọn ìdílé sì ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láti 1946 tí ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ tó kó ìyàwó àti ọmọ sójà ti gúnlẹ̀ sí Bremerhaven ní Jámánì. Ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ti ń fara dà á. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfaradà wọn, ṣùgbọ́n ìfaradà kò sọ pé ohun tí wọ́n fara dà tọ́. Ìgbìmọ̀ olómìnira tó yẹ Fort Hood wò lẹ́yìn tí wọ́n pa sójà obìnrin kan níbẹ̀ ní 2020 gbé ìròyìn jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn olórí 14 ni wọ́n sì yọ tàbí dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lára ohun tí ìgbìmọ̀ náà rí ni pé kò sí ìlànà kan pàtó tó ń sọ ohun tí ọ̀gá tó sún mọ́ sójà jù gbọ́dọ̀ ṣe láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́ tí sójà náà kò bá yọjú síbi iṣẹ́. Bárékè ńlá nínú Amẹ́ríkà nìyẹn, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá ka èyí kò ní sọ mọ́ pé sójà tó ti dé ilé kò nílò ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn fún un.

Ilé tí wọ́n sì ń sọ yìí kì í dúró sójú kan. Sójà tó kúrò ní Fort Bragg, North Carolina, ní 2022 lọ sí Jámánì, kí ọdún kan tó kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹfà 2023, wọ́n ti yí orúkọ ibẹ̀ sí Fort Liberty, torí pé Braxton Bragg tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun àwọn tó jà fún ìmúnilẹ́rú. Kó tó fi padà ní 2025, wọ́n ti dá orúkọ Bragg padà, wọ́n ní Roland Bragg, sójà kékeré kan tó jagun ní Yúróòpù nígbà ogun àgbáyé kejì, ni wọ́n fi ń sọrí báyìí. Fort Hood náà di Fort Cavazos, ó tún di Fort Hood. Bí orúkọ ẹnu ọ̀nà bá lè yí lẹ́ẹ̀mejì láàrin ìgbà tí ènìyàn kò sí nílé, ẹ ro iye ọ̀rẹ́ tó ti kó lọ, iye owó ilé tó ti gòkè, àti iye òfin ìpínlẹ̀ tó ti yàtọ̀. Ọmọkùnrin ọdún ogún tó ń mu bíà ní Jámánì láìrú òfin kankan, bó bá mu ún ní Texas, ó ti rú òfin, torí ọdún 21 ni òfin Amẹ́ríkà.

Fún ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ yìí, òwe onílé tó ń relé tún jìnnà sí òótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú ẹni tó fi káàdì ìgbélùú wọṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tó dé Amẹ́ríkà. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Fort Jackson, South Carolina, níbi ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ní bárékè mìíràn, wọ́n sì fi bàálù gbé e lọ sí Camp Humphreys. Pyeongtaek ni ìlú àkọ́kọ́ tó gbé bí àgbàlagbà tó ń gba owó oṣù. Ó mọ ọjà ibẹ̀, ó mọ ọkọ̀ ojú irin ibẹ̀, ó ti ní ìjọ tó ń lọ ní ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí wọ́n bá wá ní kí ó padà sílé ní Texas, ilé ta ni wọ́n ń wí? Kò tíì gba ilé rí ní Amẹ́ríkà. Kò ní ìtàn gbèsè àti ìsanpadà tí onílé fi ń mọ ẹni tó lè fún ní ilé. Ìwé ìrìnnà tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, àwọn tó yí i ká sì gbà pé ó yẹ kó mọ gbogbo rẹ̀. Irú ẹni báyìí ló ń dákẹ́ jù.

Ìyàwó tàbí ọkọ sójà náà ń jìyà tirẹ̀. Ìwádìí Pẹ́ńtágọ̀nù ní 2021 fi hàn pé ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ìyàwó àti ọkọ sójà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò ríṣẹ́. Nọ́ọ̀sì pọ̀ láàrin àwọn obìnrin wa, ẹ sì jẹ́ kí n fi nọ́ọ̀sì ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kìíní 2023, òfin àpapọ̀ kan gbà pé kí láísẹ́ǹsì iṣẹ́ tí aya sójà ní ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé e dé ìpínlẹ̀ tí wọ́n bá gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, ó ní láti jẹ́ pé obìnrin náà ti ń fi láísẹ́ǹsì yẹn ṣiṣẹ́ láàrin ọdún méjì tó ṣáájú ìgbà tó kó. Ẹni tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Jámánì fún ọdún mẹ́ta, tí kò rí ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ níbẹ̀, ńkọ́? Àwọn tó kọ òfin náà ń ro ẹni tó ń ti ìpínlẹ̀ bọ́ sí ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò sí lójú wọn. Ìgbàgbé yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi látàárọ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò kọjá agbára ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń kó odindi ikọ̀ ré kọjá òkun. Kí wọ́n fún ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ ní ọjọ́ 60 tí wọ́n fún un nígbà tó ń lọ, ìlú yòówù tó bá bọ́ sí. Kí agbàlejò rẹ̀ jẹ́ ẹni tó ti padà láti òkè òkun rí fúnra rẹ̀, kí ó sì wá pàdé rẹ̀ lójúkojú. Kí ikọ̀ tuntun má ṣe mú un lọ fún ìdánrawò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní aṣálẹ̀ Fort Irwin nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì mọ ibi tí ilé ìwòsàn wà. Kí sájẹ́ǹtì rẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó rẹ̀ á pọ̀ jù, kí ó ṣírò iye tí wọ́n fi ń kọ́ sójà tuntun láti rọ́pò ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ìdílé rẹ̀ kò gbádùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ yín bá pè pé òun ti kúrò ní Kòríà tàbí Jámánì, òun ti dé Texas tàbí North Carolina, ẹ má kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ owó ilé tí ẹ ń kọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta kọjá ná. Ẹ bi í bóyá ó ti ríbi sùn, bóyá ẹrù rẹ̀ ti dé, bóyá àwọn ọmọ ti wọ ilé-ìwé, bóyá ìyàwó rẹ̀ ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mọ ọmọ Yorùbá mìíràn tó wà ní ìlú náà, yálà ní ìjọ ni o tàbí ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ fún un ní nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pe onítọ̀hún fúnra yín pé kó lọ kàn án lára.